Élie Metchnikoff, Ẹni tí ó Rí Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Ara

Kò sí ẹni tí ẹ̀gún kò gún rí. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ń tẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò bá fi mọ́, ojú ibẹ̀ yóò ti pọ́n, yóò ti wú, yóò gbóná, yóò sì máa ro ni. Bí ẹ̀gún náà bá pẹ́ nínú ara, ibẹ̀ a gba ọyún. Láti ìgbà láéláé ni àwọn oníṣègùn ti ń ka àmì mẹ́rin wọ̀nyí sí àrùn, ohun tí wọ́n sì ń wá ni ọ̀nà tí wọn yóò gbà lé wọn lọ. Ọkùnrin kan ni ó fi hàn gbangba pé ogun ni ara ń jà ní ojú ibi tí ó wú, àti pé àwọn jagunjagun rẹ̀ ṣeé fi ojú rí. Orúkọ ọkùnrin náà ni Élie Metchnikoff.

Ìtàn rẹ̀ yẹ fún àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò wá jókòó níwájú wa tí ara wọn kò dán bí ti ẹlẹgbẹ́ wọn. Òmíràn yóò ní ìpẹ́ funfun ní ìgúnpá àti ní orúnkún bí ìpẹ́ ẹja. Òmíràn yóò máa họ ara títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Àwọn ọmọ yòókù yóò sì máa wo ojú wa láti mọ ohun tí àwọn yóò ṣe sí i. Ohun tí a bá mọ̀ nípa ogun inú ara yìí ni yóò sọ irú olùkọ́ tí a ó jẹ́ ní ọjọ́ náà.

A bí Metchnikoff ní oṣù karùn-ún ọdún 1845 ní agbègbè Kharkov, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ukraine lónìí, èyí tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ilya ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Élie ni àwọn Faransé ń pè é nígbà tí ó wá ń gbé láàrin wọn. Baba rẹ̀ jẹ́ ológun nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ àti fàájì ìlú ńlá ti gbọ́n owó ilé náà lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó lọ sí oko ìdílé wọn ní Panasovka kí ìnáwó lè dínkù. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ òǹkọ̀wé kan tí ó jẹ́ Júù, obìnrin olóye sì ni.

Wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan láti máa kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nílé. Olùkọ́ yìí a máa mú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde lọ ṣa ewé àti òdòdó nínú igbó, kí ó lè mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀gbọ́n kò ka ẹ̀kọ́ náà sí. Àbúrò tí a kò pè, tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ni ó gbé e mì. Kò pẹ́ tí ọmọdé náà fi sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ fún àwọn ọmọ ilé, a sì máa fún wọn ní owó ẹyọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ kí wọ́n lè jókòó gbọ́ ọ. Mo rò pé nínú gbogbo wa kò sí ẹni tí ó tíì fẹ́ràn iṣẹ́ olùkọ́ débi pé yóò máa sanwó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀!

Nígbà tí ó ń ronú láti kọ́ ìṣègùn, ìyá rẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀ jù láti máa wo ìrora ènìyàn lójoojúmọ́. Ó gbọ́ ti ìyá rẹ̀, ó sì yan ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Ní ọdún 1862 ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Kharkov pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ wúrà, ó sì wọ yunifásítì ìlú náà. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni ó fi ọdún méjì parí. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Jámánì àti Ítálì láti ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹ̀dá kéékèèké.

Ní ìlú Giessen ní Jámánì, ní ọdún 1865, ó ń wo aràn pẹlẹbẹ kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù, èyíinì ni awò tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Ó rí i pé oúnjẹ aràn náà kò dà nínú ikùn bí tiwa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ni ń gbé oúnjẹ mì, inú wọn ni ó sì ń dà sí. Sẹ́ẹ̀lì ni a lè pè ní búlọ́ọ̀kù tí a fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí. Ojú lásán kò lè rí i. Metchnikoff kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ohun tí ó rí yìí fi dúró dè é kí ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé e.

Ní ọdún 1867, ní ọmọ ọdún méjìlélógún, ó di olùkọ́ ní yunifásítì Odessa, àwọn kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò bá ọlá náà rìn. Ní ọdún 1869 ó gbé Ludmila Feodorovitch níyàwó, omidan kan tí ikọ́ ife ti bá jà débi pé orí àga ni a gbé e sí wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọdún mẹ́rin ni ọkọ fi ń gbé aya rẹ̀ kiri láti ibi tí oòrùn ti ń mú dé ibi tí oòrùn ti ń mú, títí dé erékùṣù Madeira, kí ó lè rí ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1873. Ọ̀fọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè é.

Ní ọdún 1875 ó fẹ́ Olga Belokopytova, ẹni tí ó di ìyàwó, ọ̀rẹ́ àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ títí dé òpin ayé rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1880, ibà táífọ́ọ̀dì kọlu Olga, ó kù díẹ̀ kí ó gbà á lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa ọba Rọ́ṣíà, yunifásítì sì dàrú pẹ̀lú ìjà òṣèlú. Ìrẹ̀wẹ̀sì tún dé bá Metchnikoff. Ó fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ibà kan tí ń lọ tí ń padà ń ṣe gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, láti mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá lè ran ibà náà. Ó ràn án lóòótọ́, ó sì ṣàìsàn dé ẹnu ọ̀nà ikú kí ara rẹ̀ tó yá. Ní ọdún 1882 ó fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí kí a lè mọ irú ẹni tí ó dé Messina, ìlú etí òkun ní erékùṣù Sicily, ní òpin ọdún náà. Kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Owó tí àwọn òbí Olga fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, àwọn àbúrò Olga sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ó sọ yàrá kan nínú ilé náà di ibi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ará ilé lọ wo eré tí àwọn ọ̀bọ ń ṣe. Òun nìkan ni ó kù sílé pẹ̀lú máíkírósíkóòpù rẹ̀. Ọmọ ẹja ìràwọ̀ ni ó ń wò, ẹ̀dá inú òkun kan tí apá rẹ̀ a máa yọ bí ti ìràwọ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. Nígbà èwe rẹ̀, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi inú ife dígí, tí a fi lè rí ohun tí ń lọ nínú rẹ̀ láì fi ọ̀bẹ kàn án. Metchnikoff rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ Giessen pé irú sẹ́ẹ̀lì báyìí a máa gbé nǹkan mì. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìrìnkiri wọn kì í ṣe lásán, bóyá àwọn gan-an ni ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí a bá fi ẹ̀gún gún ọmọ ẹja ìràwọ̀, kò yẹ kí ó pẹ́ tí wọn yóò fi yí ẹ̀gún náà ká.

Kò lè jókòó mọ́. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú yàrá, ó tilẹ̀ lọ sí etí òkun kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ọgbà kékeré ilé náà, níbi tí wọ́n ti ṣe igi ọsàn kan lọ́ṣọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Ó já ẹ̀gún díẹ̀ lára òdòdó róòsì, ó sì kì wọ́n bọ abẹ́ awọ àwọn ọmọ ẹja ìràwọ̀ náà. Oorun kò kùn ún ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ wò wọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì arìnkiri ti péjọ, wọ́n ti bo ẹ̀gún bí eèrà ti í bo egungun.

Kí ni ó mú kí ohun kékeré yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀? Àwọn oníṣègùn ìgbà náà gbà pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wíwú ti ń bẹ̀rẹ̀, pé iṣan ni ó ń jò. Ọmọ ẹja ìràwọ̀ kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan, síbẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ péjọ sí ojú ẹ̀gún. A jẹ́ pé ìpéjọ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Jíjò iṣan lára wa jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ojú ogun. Ọyún tí a ń kórìíra sì jẹ́ òkú àwọn jagunjagun tí wọ́n ṣubú nítorí wa.

Ní ọdún 1883 Rudolf Virchow, àgbà oníṣègùn Jámánì tí gbogbo ayé mọ̀, wá sí Messina, Metchnikoff sì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn án. Virchow gbà á níyànjú pé kí ó máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé èrò ọ̀pọ̀ oníṣègùn yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Àwọn wọ̀nyí gbà pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé kòkòrò àrùn pọ̀n kiri inú ara. Ní Vienna, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Claus bá a wá orúkọ Gíríìkì fún àwọn ẹ̀ṣọ́ náà: phagocyte, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ nǹkan.

Ní ọdún 1884 ó rí ẹ̀rí mìíràn lára ẹ̀dá omi tíńtín kan tí à ń pè ní Daphnia, tí ara tirẹ̀ náà mọ́ gaara. Irú olú kan tí ojú lásán kò lè rí a máa wọ inú Daphnia, a sì máa gún ìfun rẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Bí àwọn phagocyte bá tètè dé, wọn a jẹ ọ̀tá náà run, Daphnia a sì yè. Bí ọ̀tá bá borí wọn, Daphnia a kú. Metchnikoff jókòó ti awò rẹ̀, ó ń wo ìyè àti ikú bí ẹni ń wo ìjàkadì láàrin agbo.

Ní ọdún 1886 wọ́n dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Odessa láti máa pèsè abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Pasteur ṣe sí àrùn digbòlugi, wọ́n sì fi Metchnikoff ṣe olórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà, àwọn dókítà ìlú kò sì fẹ́ kí onímọ̀ ẹranko máa pàṣẹ fún wọn. Ó rí i pé kò sí àlàáfíà fún iṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1888 ó kó lọ sí Paris, Louis Pasteur sì fún un ní ibi iṣẹ́ nínú ilé ìwádìí tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ní orúkọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí ó kù fún un láyé, ibẹ̀ ni ó ti lò ó.

Kì í ṣe pé wọ́n fi í sílẹ̀ láìjà. Àwọn onímọ̀ Jámánì tí wọ́n tẹ̀ lé Robert Koch kò gbà pé sẹ́ẹ̀lì ni ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àrùn. Ní ọdún 1890, Behring àti Kitasato fi hàn ní Berlin pé omi inú ẹ̀jẹ̀ nìkan, tí a ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀, lè pa agbára májèlé tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti dìfíteríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ Metchnikoff ti parí. Òun kò juwọ́ sílẹ̀. Ó kó ẹ̀rí jọ láti ara ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo títí dé ara ènìyàn, ó kọ́ àwọn ènìyàn nípa wọn ní Paris, ó sì tẹ àwọn ẹ̀kọ́ náà jáde bí ìwé lórí wíwú ara ní ọdún 1892.

Nígbà tí ó yá, a rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ní òtítọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1903, Almroth Wright àti ẹnì kejì rẹ̀ ní London fi hàn pé àwọn ohun kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn, tí ń sọ ọ́ di oúnjẹ tí ó dùn lẹ́nu àwọn phagocyte. Omi ẹ̀jẹ̀ ń se ọbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 1908, wọ́n pín Ẹ̀bùn Nobel fún ìṣègùn láàrin Metchnikoff tí ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti Paul Ehrlich ará Jámánì tí ó ṣe iṣẹ́ lórí omi ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè kan sì wà tí ó dà bí ẹni pé ó dúró sẹ́nu ọ̀nà láàrin àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ní idà lè fi gún ara ilé. Ǹjẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lè yí ojú ìjà padà sí ara tí wọ́n ń ṣọ́? Ehrlich gbà pé ara kórìíra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gidigidi, àti pé ó ní ọ̀nà tí ó fi ń dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́ Metchnikoff ní Paris, ní ọdún 1900, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Metalnikoff fi hàn pé ẹranko lè pèsè ohun tí ń gbógun ti sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀. Metchnikoff fúnra rẹ̀ ti ń ronú lọ sí ọ̀nà yìí. Ó gbà pé nígbà ogbó, àwọn phagocyte a máa jẹ ara tí ó ti rẹ̀, ó sì sọ pé àwọn ni wọ́n ń gbé àwọ̀ dúdú inú irun lọ tí irun fi ń funfun. Ti irun yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe àwọ̀ irun ni ń tán. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ èrò náà dúró. Àwọn baba wa sọ pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Èmi kò ní pẹ́ lórí àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yòókù. Ní ọdún 1903 òun àti Émile Roux fi hàn pé àrùn ìbálòpọ̀ tí à ń pè ní syphilis lè ran ìnàkí, èyí tí ó jẹ́ kí a lè ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Ó tún gbà pé kòkòrò tí ó wà nínú wàrà kíkan lè mú ẹ̀mí ènìyàn gùn, òun fúnra rẹ̀ sì ń mu ún lójoojúmọ́; ayé gbọ́ èyí ju gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yòókù lọ. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1916, ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà. Wọ́n sun òkú rẹ̀, eérú rẹ̀ sì wà nínú ìkòkò kan ní ilé ìkàwé Pasteur, láàrin ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ìpẹ́ wà ní ìgúnpá àti orúnkún rẹ̀. Àrùn awọ kan wà tí à ń pè ní psoriasis. Ojú ibi tí ó bá mú a nípọn, ìpẹ́ bíi fàdákà a sì bò ó. Lára òyìnbó a máa pọ́n. Lára ènìyàn dúdú ó lè rí bí àwọ̀ àlùkò, ó lè ṣú, ó lè rí bí eérú, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣì í mọ̀. Ní Yúróòpù àtijọ́ wọ́n a máa ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ adẹ́tẹ̀. Ọdún 1841 ni Ferdinand Hebra, dókítà kan ní Vienna, tó ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tí ó lè mọ iye ènìyàn tí a ti lé kúrò láàrin ẹbí ṣáájú ìgbà náà nítorí àrùn tí kì í ràn.

Iṣẹ́ Metchnikoff ni ó ṣí ọ̀nà tí a fi mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lára ẹni tí kò ní àrùn, sẹ́ẹ̀lì awọ tuntun a máa rin ìrìn nǹkan bí oṣù kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí ó tó re dànù. Nínú psoriasis, ìrìn oṣù kan a di ti ọjọ́ díẹ̀. Awọ kò ráyè gbó, ó ń kó jọ lórí ara wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń lé e. Ẹ̀ṣọ́ kan nínú awọ a fọn fèrè ogun. Fèrè náà jẹ́ ohun tíńtín kan tí ń jíṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì, orúkọ rẹ̀ ni interleukin-23. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì T, gbọ́ ọ, wọ́n sì rán iṣẹ́ tiwọn, interleukin-17, sí awọ. Awọ gbọ́, ó ń pọ̀ sí i kíákíá, ó sì ń ké sí àwọn phagocyte pé kí wọ́n wá gba òun. Wọ́n dé. Ní ọdún 1898, nígbà tí Metchnikoff ṣì wà láàyè, dókítà kan tí ń jẹ́ Munro rí wọn lábẹ́ awò, tí wọ́n péjọ sí òkè awọ aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti péjọ yí ẹ̀gún ká ní Messina. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹ̀gún.

Nítorí pé kò sí ẹ̀gún tí a ó yọ, ogun náà kì í fẹ́ parí. Awọ ń ké sí ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ ń da awọ láàmú, awọ tún ń ké. Ìdí tí fèrè àkọ́kọ́ fi dún kò pé ọ̀kan. Àwọn ẹlòmíràn jogún rẹ̀ nínú ìdílé. Lára àwọn ọmọdé, ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí kòkòrò kan fà lè jí i. Heinrich Köbner ní Breslau sì ti ṣe àkíyèsí ní ọdún 1872 pé ibi tí ara aláìsàn bá ti bó tàbí tí ó ti fara pa, ibẹ̀ ni àrùn náà tún lè yọ sí.

Ẹ̀rí ńlá kan yọ ní ọdún 1979. Àwọn dókítà fún àwọn tí oríkèé ara ń ro ní oògùn kan, cyclosporin, tí a fi ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara dúró. Psoriasis tí ó wà lára àwọn kan nínú wọn sì ń parẹ́. A wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Lónìí àwọn oògùn wà tí ń dí ẹnu fèrè náà gan-an, tí ń mú interleukin-23 tàbí interleukin-17 nìkan, tí wọn kò sì fọwọ́ kan ìyókù ẹgbẹ́ ọmọ-ogun. Owó wọn wọ́n, kò sí ní gbogbo ibi, ṣùgbọ́n ìpara àti oògùn àtijọ́ tí dókítà lè fúnni ṣì ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Àrùn eczema, tí ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọmọdé, tí ara fi ń yún wọn lóru tí wọn kì í fi í sùn, jẹ́ ìjà àwọn ẹ̀ṣọ́ bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ogun mìíràn ni, tí odi awọ sì ti lẹ́gẹ́ ṣáájú. Eczema kì í ràn. Psoriasis kì í ràn.

Kí ni èyí bá olùkọ́ wí? A kì í ṣe dókítà, kò sì yẹ kí a máa fún àrùn lórúkọ nínú kíláàsì. Làpálàpá ń ràn, kúrúnà ń ràn, àwọn méjèèjì sì ní oògùn. Ẹ̀tẹ̀ pàápàá ti di àrùn tí à ń wò sàn pátápátá láti ìgbà tí a ti ń fi oògùn mélòó kan pa pọ̀ tọ́jú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, bí a bá rí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá, ilé ìwòsàn ni kí a darí àwọn òbí rẹ̀ sí. Kí a má ṣe fi kànìnkànìn líle bo ara rẹ̀, nítorí ìpẹ́ náà kì í ṣe ìdọ̀tí, ara tí a bá sì bó yóò tún pe ogun mìíràn wá. Kí a má ṣe yà á sí igun kíláàsì, kí a má sì ṣe fún un ní ife omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjà tí ń lọ lára rẹ̀ ti tó o. Kò yẹ kí a fi ti àwọn ọmọ kíláàsì kún un.

Mo tún ń rántí olùkọ́ ilé yẹn ní Panasovka. Ọmọ tí wọ́n sanwó fún un pé kí ó kọ́ kò fẹ́ ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tí ẹnì kan kò pè ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn nínú igbó. Olùkọ́ náà lè lé e padà sílé, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ó jẹ́ kí ó máa tẹ̀ lé wọn, ó sì fi orúkọ ewé hàn án. Ara èso ọjọ́ náà ni a ń jẹ títí di òní. Bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dán bá wọ kíláàsì wa, tí àwọn yòókù sì ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ẹ jẹ́ kí àwa rìn lọ síbẹ̀, kí a jókòó tì í, kí a sì máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ.